Ilé ń jò, ta ni yóò tún un ṣe? Ìtàn àdéhùn ẹnu láàárín onílé àti ayálégbé

Bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, ẹjọ́ òrùlé náà ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayálégbé á ní yàrá ń jò. Onílé á ní, "Ìwọ lò ń gbé ibẹ̀, tún un ṣe." Kò sí ìwé láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Níbo ni ìjà yìí ti wá?

Láyé àwọn baba wa, àlejò kì í sanwó ilé nínú agbo ilé. Yóò lọ bá baálé, wọn á fún un ní yàrá. Yóò máa bá wọn ṣe oko, yóò sì máa bá wọn dá sí ìnáwó òkú àti ti ìgbéyàwó. Bí koríko orí ilé bá gbó, ní ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo agbo ilé á fi ọ̀wẹ̀ ṣe é. Àlejò á gbé koríko tirẹ̀ wá. Ta ni yóò sanwó àtúnṣe? Kò sẹ́ni tó ń béèrè.

Ìgbà tí Àjàṣẹ́ di olú ìlú Dahomey lábẹ́ Faransé, tí ojú irin sì dé Ṣábẹ, ni àwọn akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá yàrá tí wọn yóò sanwó fún. Pánù rọ́pò koríko. Koríko, inú ìgbẹ́ la ti ń pa á. Pánù, ọjà la ti ń rà á. Síbẹ̀ ẹnu wa kò yí padà. Onílé ṣì ń sọ pé, "Ọmọ mi ni ẹ́, má ṣe ìyọnu." Ayálégbé náà á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Wọ́n á ka owó, wọn ò ní dárúkọ òrùlé.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé àdéhùn ẹnu kò níye lórí níwájú òfin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Code civil ti Faransé, ti ọdún 1804, sọ ní abala 1714 pé a lè fi ìwé tàbí ẹnu yá ilé. Abala 1720 ní onílé ló ni àtúnṣe, àfi àwọn kékeré tó jẹ́ ti ayálégbé. Abala 1754 ka àwọn kékeré náà: gíláàsì fèrèsé, ìlẹ̀kùn, àgádágodo, rírẹ́ ẹsẹ̀ ògiri dé mítà kan. Abala 1755 ní bí ó bá jẹ́ pé ogbó ló bà wọ́n jẹ́, tàbí ohun tó ju agbára ènìyàn lọ, kò kan ayálégbé. Kànga àti ṣáláńgá, ti onílé ni gbígbá wọn, abala 1756 ló sọ bẹ́ẹ̀, àfi bí wọ́n bá jọ ṣàdéhùn mìíràn.

Ṣùgbọ́n títí di 1946, "sujet" ni Faransé ń pe ọ̀pọ̀ àwọn baba wa. Àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ wọn. Àṣà ìgbà koríko kò sì mọ ẹjọ́ pánù. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, Code civil náà wà lẹ́nu iṣẹ́ síbẹ̀. Ní 2018, Bẹ̀nẹ̀ tún ṣe òfin tirẹ̀ lórí ilé gbígbé, loi 2018-12.

Ibi tí àdéhùn ẹnu ti ń pa ayálégbé lára nìyí. Abala 1731 ní bí a kò bá kọ bí ilé ṣe rí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó wọlé, a gbà pé ó bá àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyẹn ní dáadáa, àfi bí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn. Abala 1716 ní bí ìjà bá dé lórí iye owó ilé, tí kò sí rẹsú, ìbúra onílé la ó gbà, àfi bí ayálégbé bá ní kí àwọn amòye wá díye lé e. A mọ ẹnì kan tó ra pánù, tó yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé. Onílé ní òun kò rán an níṣẹ́, ó sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ń jò lóòótọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí?

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ fa ojú ìwé kan ya nínú káyé ọmọ yín. Ẹ kọ iye owó, ẹni tó ni òrùlé, ẹni tó ni ìlẹ̀kùn, àti bí yàrá ṣe rí. Kí ẹni méjì fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ìyẹn kò ní kí onílé má jẹ́ Bàbá mọ́.

Ní àdúgbò yín, ta ló ń tún òrùlé ṣe? Ẹ sọ fún wa.