Ológò àti Òṣómàáló

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà egbèje. Òwe yìí dára, ṣùgbọ́n olówó ni ó gbè. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí a ní ó jẹ gbèsè, tí òun sì ń wí pé òun kò jẹ, tàbí pé òun ti san án tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ká mi lára, nítorí pé nígbà tí mo wo ìtàn bí a ti ń gba gbèsè ní ilẹ̀ Yorùbá, mo rí i pé ẹni tí ó wá gba owó kì í sábà bèèrè bóyá gbèsè náà wà lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ológò. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, èyí tí a kò tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921. Bí olówó bá ti bèèrè owó rẹ̀ títí tí ó sú u, a máa lọ wá ẹni tí ó fi dídógò ṣe iṣẹ́. Ológò yóò wọ agbo ilé onígbèsè, yóò jókòó, yóò sì sọ ara rẹ̀ di ìyọnu fún gbogbo ilé. Yóò kígbe, yóò bú wọn, yóò ní kí wọ́n wá oúnjẹ fún òun. Adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀, pípa ni. Kì í bèèrè ẹni tí ó ni ín. Ọrùn onígbèsè ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. (N kò rò pé iṣẹ́ yìí lè wu ẹni tí ó ní ìtìjú.)

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí adìyẹ rẹ̀ kú kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ológò wà. Kò ní í pẹ́ tí àwọn ará ilé yóò fi dojú kọ arákùnrin wọn pé kí ó wá owó olówó fún un kí ilé lè tòrò. Bí ó bá ń sọ pé òun kò jẹ ẹ́, ta ni yóò gbọ́? Ẹni tí kò bá sì rí owó san lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe, èlé ni. Kò dín ojú owó kù. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà gùn, n kò ní í bá a lọ jìnnà níhìn-ín.

Òṣómàáló ni tirẹ̀ dé lẹ́yìn ogun. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ó sì di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ọjà òyìnbó súnmọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn Ìjẹ̀ṣà sì gbá òwò aṣọ mú. Wọn a di aṣọ lérù, wọn a rù ú dé Èkìtì, dé Àkókó, dé ilẹ̀ Nupe pàápàá. Àwìn ni wọ́n ń tà á. Oníbàárà yóò mú aṣọ lónìí, yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ta kòkó. Bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà ń rojọ́, ará Ìjẹ̀ṣà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní: "Òṣó mà á ló, kí n tó gbowó mi." Bí wọ́n ṣe di Òṣómàáló nìyẹn. Orúkọ tí ó jọ èébú tẹ́lẹ̀ ti di ohun ìwúrí fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kò sì burú, nítorí pé òwò yẹn ni ó rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé. Kí a má sì parọ́ mọ́ wọn: ẹni tí ó ru aṣọ lé orí wọ ìlú tí kò ti ní ẹbí, tí ó fi í fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó ní ọkàn.

Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi sọ ti apá kejì fún mi. Ní abúlé wọn ní Àkókó, ọkọ rẹ̀ ra aṣọ kan ní ogójì ṣílè, ṣílè márùn-ún ni ó ń san lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti san án, yóò fi èédú fa igi kan sára ògiri. Ìyá àgbà ní igi mẹ́jọ ni òun kà. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n tún ògiri rẹ́ nítorí ìsìnkú. Kò pẹ́ tí oníṣòwò náà dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní ìgbà mẹ́fà péré ni bàbá san owó, ó ku ṣílè mẹ́wàá. Onígbọ̀wọ́ ti kú ṣáájú. Baálé ní kí wọ́n ṣí ìwé náà, wọ́n sì pe ọmọ ilé ìwé kan kí ó kà á. Mẹ́fà ni ọmọ náà rí. Ta ni ó kọ ọ́? Ẹni tí ó ń bèèrè owó náà ni. Ọkùnrin náà lóṣòó láàárín àwọn tí ó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà ta iṣu, ó san ṣílè mẹ́wàá. Mo bi í pé kí ni ó dé tí ó fi san owó tí wọn kò jẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, mo san án kí ó lè dìde ni."

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin ní ilẹ̀ wọn láti ọdún 1623 pé bí irú gbèsè báyìí bá ti kọjá ọdún mẹ́fà, a kò lè pe ẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Ní tiwa, gbèsè kì í gbó. Bí bàbá bá kú, ọmọ a jogún rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀: a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ pípẹ́ jẹ owó olówó. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí ń kú, ògiri sì ń di rírẹ́.

Ológò kò tíì kú. Ní ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tí ó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, gbé ìlànà jáde fún àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń ránṣẹ́ ìtìjú sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù ẹni tí ó yáwó: àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, àlùfáà rẹ̀. Adìyẹ ará ilé náà ni wọ́n ń pa.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń fi káàdì rajà láwìn, báǹkì a máa ta gbèsè tí ó ti pẹ́ fún ẹlòmíràn ní owó pọ́ọ́kú, ẹni yẹn ni yóò wá máa lépa onígbèsè. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1977 kò gbà kí agbowó sọ ọ̀rọ̀ gbèsè náà fún aládùúgbò tàbí ọ̀gá onígbèsè. Ó sì fún onígbèsè ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ̀wé pé òun kò gbà; bí ó bá ti kọ ọ́, agbowó gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi mú ẹ̀rí wá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, bí ènìyàn bá san kọ́bọ̀ kan péré nínú gbèsè tí ó ti gbó, ọdún rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ọmọ àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè lórí irú gbèsè bẹ́ẹ̀, èyí tí ó ní òun ti san. Wọ́n ní kí ó ṣáà fi dọ́là márùn-ún ránṣẹ́ ná, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ní ọkàn rere. Kò fi ránṣẹ́. Ó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n mú ìwé wọn wá, ó sì ń retí wọn.