Ọ̀nà Mẹ́ta Sínú Iṣẹ́ Olúwa: Kátẹ́kísì, Fàdá àti Agbẹ́gilére ní Àríwá Èkìtì

Ìfáárà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ jẹun kò lè ṣàì bèèrè nípa àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ rán níṣẹ́.

Àpótí kan ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tí ó bí ìyá mi ṣe kátẹ́kísì Ìjọ Àgùdà ní abúlé kan ní ìhà Ìkọ̀lé. Nígbà tí bàbá náà papò dà, a ṣí àpótí rẹ̀. A bá agogo ọwọ́ kan níbẹ̀, a bá ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, a sì bá ìwé pélébé kan tí ó ti ń kọ orúkọ àwọn tí ó kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Ikán ti jẹ ju ìdajì ìwé náà lọ. Orúkọ mọ́kànlá péré ni a rí kà.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè méjì kò ti jẹ́ kí n sinmi. Èkíní: ọ̀nà wo ni ènìyàn ń gbà di òjíṣẹ́ nínú Ìjọ Àgùdà ní apá Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn? Èkejì: kí ló dé tí a fi rántí àwọn kan nínú wọn, tí ikán sì jẹ orúkọ àwọn mìíràn?

Ẹni tí ó ṣáájú Fàdá

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àgùdà ni Yorùbá ń pe àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà sí Èkó, tí wọ́n sì bá ẹ̀sìn Kátólíìkì bọ̀. Nígbà tí ó yá, orúkọ àwọn ènìyàn di orúkọ ìjọ. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ọmọ ìjọ ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn yìí dé ilẹ̀ wa, kì í ṣe àlùfáà. Ní Èkó, ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Padre Antonio, ẹrú tí ó ti gba òmìnira. Òun ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà kí òyìnbó Fàdá kankan tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Kò gba oyè àlùfáà rárá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń pè é ní Padre. Ọdún 1863 ni Francesco Borghero, tí ó jẹ́ ará Ítálì, wá bẹ Èkó wò láti Ouidah; ọdún 1868 ni àlùfáà tó wá gbé ìlú náà. Inú ẹgbẹ́ S.M.A. tí Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1856 ni àwọn Fàdá náà ti wá.

Bí ó ti rí ní Èkó náà ni ó rí ní Èkìtì, àfi pé ọ̀nà tí ó dé Èkìtì kò gba Èkó kọjá. Àwọn Fàdá S.M.A. kan ti dó sí Lọ́kọ́jà ní ọdún 1884. Ní ọdún 1888 wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Asaba lẹ́bàá odò Ọya. Láti Asaba ni Carlo Zappa ti darí iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1917. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Thomas Broderick, ará Ireland, di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1918. Abẹ́ agbègbè gbọọrọ yìí ni Èkìtì wà títí di ọdún 1943, nígbà tí a yọ Oǹdó àti Ìlọrin sọ́tọ̀ lábẹ́ Thomas Hughes. Ọdún 1950 ni Oǹdó di dáyósíìsì. Ọdún 1972 ni Èkìtì ní tirẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo bí Asaba ti jìnnà sí Ìkọ̀lé. Fàdá kò pọ̀, ọ̀nà kò dára, ìlú sì pọ̀ lọ jàra. Ìjọ C.M.S. pàápàá ti ṣáájú dé, nítorí pé nínú àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun kó lẹ́rú, àwọn kan ti di onígbàgbọ́ kí wọ́n tó padà sílé lẹ́yìn tí ogun Kírìjí parí ní ọdún 1886. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ ìbílẹ̀ kan gbà láti dúró ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tí ó mọ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sórí, tí ó sì lè ka ìwé díẹ̀, kí ni Fàdá ìbá bá nígbà tí ó bá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan?

Iṣẹ́ kátẹ́kísì

Kátẹ́kísì ni ó ń lu agogo ní ìdájí. Òun ni ó ń kọ́ àgbà àti èwe ní ìbéèrè àti ìdáhùn, tí yóò máa sọ ọ́, tí wọn yóò máa gbà á, títí yóò fi wọ̀ wọ́n létí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọmọ awo ṣe ń kọ́ ẹsẹ Ifá yóò rí i pé ọ̀nà ìkọ́ni yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Òun ni ó ń ṣáájú àdúrà ní ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá sí Míísà. Òun ni ó ń bẹ aláìsàn wò, tí ó sì ń ṣe ìrìbọmi fún ẹni tí ó ń kú lọ, nítorí òfin Ìjọ gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe èyí nígbà ewu. Òun ni ó ń sin òkú. Bí Fàdá bá dé, òun náà ni ògbufọ̀, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó sórí ahọ́n Èkìtì. Mo fẹ́ kí a fi iyè sí iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí, nítorí ohun tí ará abúlé gbọ́ kì í ṣe ohun tí Fàdá sọ bí kò ṣe ohun tí kátẹ́kísì túmọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ẹ̀sìn náà ti di ti Èkìtì.

Síbẹ̀, ibìkan wà tí ọ̀nà rẹ̀ dí sí. Kò lè ṣe Míísà, kò sì lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé bàbá òun a máa wí pé, “Mo ń mú wọn dé ẹnu ọ̀nà, n kò lè bá wọn wọlé.” Kò wí i pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n kò wí i bí àwàdà.

Ìlẹ̀kùn tí ó dí

Nínú ìjọ C.M.S., olùkọ́ lè gun àkàsọ̀ náà dókè. Àjàyí Crowther ti jẹ́ tíṣà, ó ti ní aya àti ọmọ, kí ó tó gba oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Nínú Ìjọ Àgùdà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò di Fàdá kò gbọdọ̀ gbéyàwó, ó gbọdọ̀ gbọ́ Látìnì, ó sì gbọdọ̀ lo ọdún púpọ̀ ní sẹ́mínárì. Nítorí náà, láti kékeré ni a ti ń mú un. Kátẹ́kísì ní tirẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí ó ní ilé, tí ó ní oko. Ọ̀nà méjèèjì jọ ń lọ sí ibi kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bọ́ sí ọ̀kan kò lè yà sí èkejì.

Ọ̀nà Fàdá náà pẹ́ kí ó tó là. Ní ọdún 1919 ni Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún kọ ìwé Maximum Illud, tí ó fi rọ àwọn míṣọ́nnárì pé kí wọ́n tọ́ àlùfáà láti inú ọmọ ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1920, Broderick fi Paul Emecheta jẹ àlùfáà ní Asaba. Ọdún 1929 ni Lawrence Layode àti Julius Oni di àlùfáà, àwọn ni àkọ́kọ́ láàrin Yorùbá. Èkìtì náà kò gbẹ́yìn: Monsignor Anthony Oguntuyi, ọmọ Adó, jẹ́ àlùfáà tí ó tún jẹ́ òpìtàn. Ó tẹ ìtàn Ìjọ Kátólíìkì ní Dáyósíìsì Oǹdó jáde ní ọdún 1970 àti ìtàn Èkìtì ní ọdún 1979.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú kékeré wo ohun tí èyí ná àwọn òbí. Láàrin wa, ọmọ ni aṣọ. Ẹni tí ó bí ọmọkùnrin ń retí ìyàwó ọmọ, ó ń retí ọmọ-ọmọ, ó sì ń retí ẹni tí yóò máa jẹ́ orúkọ ilé lọ. Bí ọmọ bá wá wí pé òun ń lọ di Fàdá, òpin dé bá ẹ̀ka kan nínú ilé náà. A mọ̀ ní ilẹ̀ wa pé Ifá lè mú ọmọ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n babaláwo ń gbéyàwó. Kò sí ohun tí a lè fi èyí wé pátápátá. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé ilé kátẹ́kísì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí Fàdá ti ń jáde: baba tí kò lè wọlé ni ó ti ọmọ rẹ̀ wọlé.

Àwọn tí ó fi ẹdùn wàásù

Ọ̀nà kẹta ṣàjèjì jù lọ, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni ó sì ti là. Láti ọdún 1947 sí 1954, Fàdá Kevin Carroll àti Fàdá O'Mahony, àwọn méjèèjì láti inú ẹgbẹ́ S.M.A., dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ké sí àwọn oníṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. George Bándélé, ọmọ Aréógun ará Òsì, ni ọ̀gá agbẹ́gilére. Lábẹ́ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ láti ọdún 1949. A gbẹ́ Màríà gẹ́gẹ́ bí abiyamọ ilẹ̀ wa. A gbẹ́ àwọn ọba tí ó wá kí Jésù gẹ́gẹ́ bí ọba aládé.

Kì í ṣe gbogbo onígbàgbọ́ ni inú wọn dùn sí i. Ẹni tí ó ti sọ ère baba rẹ̀ nù nítorí ìrìbọmi lè bèèrè pé: kí ni iyàtọ̀ tí ó wà nínú èyí? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n Carroll gbà pé ọwọ́ tí ó mọ ọnà kò ní ẹ̀sìn méjì, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Religious Carving ní ọdún 1967. Mùsùlùmí ni Làmídì, Mùsùlùmí ni ó sì jẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Síbẹ̀ ẹni tí kò lè kàwé rí ìtàn Ìhìnrere lára igi tí ó gbẹ́. Bí wíwàásù bá jẹ́ pé kí ènìyàn mú ọ̀rọ̀ hàn sí ẹlòmíràn, ta ni yóò sọ pé ọkùnrin náà kò wàásù?

Ìkádìí

Ìgbà ti yí padà. Ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, tíṣà sì yà kúrò lára kátẹ́kísì. Àpéjọ Vatican Kejì, tí ó wáyé láti 1962 sí 1965, gbé Míísà kúrò nínú Látìnì bọ́ sí èdè wa, ó sì yin àwọn kátẹ́kísì. Michael Fagun di Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Èkìtì ní ọdún 1972. Felix Ajakaye gba ipò náà ní ọdún 2010. Lónìí, ọmọ ilẹ̀ wa ni Fàdá tí ń ṣe Míísà ní Ìkọ̀lé àti ní Ìdó.

Ìdáhùn sí ìbéèrè mi kejì kò ṣòro. Fàdá òyìnbó a máa kọ lẹ́tà sílé, ilé náà a sì máa tọ́jú rẹ̀. Agbẹ́gilére fi igi sílẹ̀, ojú sì ń rí i. Ohùn ni kátẹ́kísì fi ṣiṣẹ́, ohùn kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn olóhùn. Àwọn tí ó gbọ́ ohùn náà ti ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń lọ gba oríkì àti ẹsẹ Ifá sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá dé abúlé kan ní apá Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ẹ bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ lu agogo níbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀.

Mo ti da orúkọ mọ́kànlá inú ìwé bàbá mi àgbà kọ sínú ìwé tuntun, mo sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìyókù, kí ó jọ̀wọ́, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìjókòó yìí.