Ìbọn Ìṣeré Tó Fẹ́ Gbó

Lọ́dún 1971, òfin Japan ní ìbọn ìléwọ́ ìṣeré onírin ò gbọdọ̀ dúdú mọ́. Funfun tàbí yẹ́lò ni kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n sì dí ẹnu ẹ̀ pa. Òfin yẹn ò kan oníke, ibẹ̀ ni dúdú sá sí. Nígbà tó yá, oníke yìí ń yin ọta kéékèèké: airsoft nìyẹn.

Dúdú nìkan ò tó àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀. Ìbọn gidi máa ń gbó: ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ẹnu tó ń ha àpò, ibẹ̀ ni irin ti ń yọ. Ni wọ́n bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fa ọ̀dà fàdákà sí etí ẹ̀, wọ́n ń fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù pa á lára. Ẹni tó bá kùn ún káàkiri ti bà á jẹ́ ná. Ìbọn kì í gbó níbi tí nǹkan ò ti kàn án.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n fi àwọ̀ ọsàn sí ẹnu èyí tí wọ́n bá ń tà. Ní November 22, 2014, ní Cleveland, àwọ̀ yẹn ò sí lẹ́nu èyí tó wà lọ́wọ́ Tamir Rice, ọmọ ọdún 12. Ẹni tó pe ọlọ́pàá sọ pé ó jọ pé ìṣeré ni. Wọn ò sọ ìyẹn fún àwọn tó wà nínú mọ́tò. Kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ tí wọ́n dé tí wọ́n fi yìnbọn fún un. Ó kú lọ́jọ́ kejì.