Ìforíbalẹ̀ àti Ìbáṣọ́: Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ tí A Ń Lò Níwájú Sakramẹ́ńtì Mímọ́

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, bí mo ti wọ ilé àdúrà kékeré ìjọ wa, níbi tí a ti máa ń gbé Sakramẹ́ńtì Mímọ́ jáde fún wákàtí kan gbáko, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìwé pélébé lé mi lọ́wọ́, tí a fi Yorùbá kọ ètò àdúrà náà sí, inú mi ìbá sì dùn jọjọ, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ìlà àkọ́kọ́ pe ohun tí a fẹ́ ṣe ní "Ìbọ̀wọ̀fún Sakramẹ́ńtì," tí ìlà kẹta sì pe ohun èlò aláwọ̀ wúrà tí a ń gbé Ara Olúwa sí ní "ẹ̀rọ ìfihàn." Ọ̀wọ̀ ni ọmọ ilé-ìwé ń bù fún olùkọ́, ẹ̀rọ sì ni ohun tí ń mu epo tàbí tí ń lo iná mànàmáná. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹni tí ó sọ ọmọ wọ̀nyí lórúkọ kò sì wo ilé rárá. Bí àgbà kò sì ti gbọdọ̀ wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo mú kálàmù.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a bá jà. Mísà ti di tiwa, Sakramẹ́ńtì náà ti di tiwa. Láti ayé àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà bọ̀ sí Èkó, àwọn tí Padre Anthony ń kó jọ fún àdúrà kí Fada Borghero tó dé ibẹ̀ ní 1863, ni àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì ti ń bá Ìjọ wa gbé. Ẹni tí ó bá ní kí a lé wọn jáde nítorí pé wọn kì í ṣe ojúlówó, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí àdúrà, àlùfáà àti wákàtí ti wá, nítorí láti èdè Lárúbáwá ni a ti rí àdúrà àti wákàtí, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni a sì ti gba àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni tùràrí tí èéfín rẹ̀ ń gòkè níwájú pẹpẹ bá Haúsá tan. Aṣọ tí Fada ń dà bo èjìká, tí ó sì fi etí rẹ̀ di ohun èlò náà mú kí ó má baà jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń súre fún wa, ìborùn ni. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ohun èlò yẹn gan-an ńkọ́? Látìn sọ ọ́ lórúkọ láti ara "fi hàn," nítorí náà ìfihàn kò ṣìnà, ẹ̀rọ ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò ó: ìtànṣán ni wọ́n fi wúrà yọ yí i ká bí oòrùn, láàárín rẹ̀ ni ìdè kékeré kan wà tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, tí ń gbé Ara Olúwa ró kí ó má dùbúlẹ̀, oṣù náà ni Látìn sì fi pè é. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń gba àdúrà kò mọ Látìn kankan. Ìtẹ́ ni ó ń pè é. Láti ara "tẹ́" ni, bíi ti ẹni tí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ de Kábíyèsí. Èmi kò ní orúkọ mìíràn fún un mọ́.

Níbi tí ìjà wà gan-an ni ọ̀rọ̀ tí yóò dúró fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Trent ti sọ ní 1551 pé irú ìsìn tí ó tọ́ sí Ọlọ́run nìkan ṣoṣo ni kí a fún Sakramẹ́ńtì yìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń fẹ́ ìjúbà, mo sì mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oníjàálá kì í fọhùn lójú agbo láìjúbà. Ó júbà akọ́dá, ó júbà aṣẹ̀dá, ó júbà baba, ó júbà ìyá, lẹ́yìn náà ni eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ekòló tí ó júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Wíwọlé ni ekòló ń fẹ́, ìbà ni ó fi kan ilẹ̀kùn. Ìloro ni ìjúbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a sì ń jẹ́ ẹ fún. Ohun tí a sì ń ṣe níwájú Sakramẹ́ńtì kì í ṣe ìloro sí ohunkóhun: a ti dé ìyẹ̀wù.

Ìforíbalẹ̀ ni mo fara mọ́. Ẹ tú u: fi, orí, bà, ilẹ̀. Àyà ni a ń dà délẹ̀ fún baba ẹni, orúnkún ni obìnrin ń kàn mọ́lẹ̀ fún ọkọ àti àna. Orí ni èyí, orí tí í ṣe àkúnlẹ̀yàn ẹni, ìpín tí a gbà kí a tó wá sáyé. Ẹnìkan bi mí pé báwo ni a ó ṣe pe èyí ní ìforíbalẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí a kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì mọ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe kí òfin Ìjọ ti 1973 tó fi mọ sí orúnkún kan. Orí òde ni ó ń wò. Yorùbá mọ̀ pé orí inú wà, èyí tí ojú kò rí, òun ni a sì ń fi kanlẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo mọ̀ pé a ń foríbalẹ̀ fún ọba àti òrìṣà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi àkúnlẹ̀yàn rẹ̀ lélẹ̀ tán, kí ni ó tún kù tí yóò fún ẹlòmíràn?

Ó ku "Wákàtí Mímọ́," orúkọ tí a ń pe wákàtí àdúrà yìí. Kò burú, ṣùgbọ́n aago nìkan ni ó ń kà. Nígbà tí Sista Margaret Mary Alacoque bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Paray-le-Monial, nílẹ̀ Faransé, ní 1674, láti aago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí ọ̀gànjọ́, kì í ṣe wákàtí ni Olúwa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò wà pẹ̀lú Òun nínú ìrora Getisémánì ni, níbi tí oorun ti gbé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ. Nínú Bíbélì wa, "bá mi ṣọ́nà" ni, "bá" yẹn ni ó sì wúwo jù. Yorùbá kì í fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. A ń bá a jókòó, a ń bá a sùn, a ń bá a kẹ́dùn, ìbákẹ́dùn sì ni a ń pè é. Kí ló dé tí a kò fi ní pe èyí ní Ìbáṣọ́ nígbà náà? Ó kúrú, ó dún, ọmọ ìyá ìbákẹ́dùn ni.

Bí ìyá àgbà yẹn ti ń wé gèlè rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọmọ rẹ̀ bi í pé níbo ni, ó ní, "Mò ń lọ bá Olúwa jókòó." Mo fa "ẹ̀rọ ìfihàn" rẹ́ lórí ìwé pélébé náà, mo kọ "ìtẹ́" sí i, mo kọ "Ìforíbalẹ̀" sí orí rẹ̀, mo kọ "Ìbáṣọ́" sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi í lé akọ̀wé ìjọ lọ́wọ́.