Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣiṣẹ́ Abẹ Iṣan Ọpọlọ Tó Bẹ́?

Àwọn ìwé ìtàn iṣẹ́ abẹ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣí agbárí lọ bá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú, tó sì ti bẹ́. Àwọn kan ní Norman Dott ti Edinburgh ni, ní 1931. Àwọn mìíràn ní Walter Dandy ti Baltimore ni, ní 1937. Ní tèmi, Dott ni. Àwọn tó kọ 1933 fún un, ọdún tí ìròyìn rẹ̀ jáde ni wọ́n mú. Ṣáájú rẹ̀, láti ìgbà Victor Horsley ní 1885, iṣan ńlá ọrùn ni wọ́n ń so pa kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè lè dínkù.

Ẹ̀jẹ̀ ti ya ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú orí ọkùnrin tí Dott ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Kò sí àwòrán iṣan tó lè fi ojú ibi tí wíwú náà wà hàn án. Àmì àìsàn ló fi wá a kàn. Bó ṣe ń tú ìdí rẹ̀, wíwú náà tún bẹ́. Wọ́n gé ẹran lára ẹsẹ̀ aláìsàn náà, Dott fi dí ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 12 gbáko, ó sì fi ẹran wé iṣan náà yíká. Ọkùnrin náà yè, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan yóò ní ẹran wíwé kò dí ọrùn wíwú náà (ibi tó ti so mọ́ iṣan) pa, pé kílíìpù fàdákà tí Dandy fi dí tirẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 1937 ni iṣẹ́ gidi. Lóòótọ́, ìlànà Dandy ni ayé tẹ̀ lé, iyì rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ojú tó rọ, nítorí pé wíwú náà tẹ iṣan ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ (nerve) tó ń darí rẹ̀, ló gbé aláìsàn Dandy wá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lórí rẹ̀ ni Dott dojú kọ, ẹ̀jẹ̀ náà ló sì dá dúró.

Ìjà lórí ẹni tó kọ́kọ́ lo máíkírósíkóòpù fún iṣẹ́ abẹ yìí kò tó nǹkan. Oníṣẹ́ abẹ Yasargil, ní Zurich láti 1967, ló sọ ọ́ di àṣà. Ní 1990, dókítà Guglielmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà platinum tó ń ká jọ, tí wọ́n tì gba inú iṣan itan, dí wíwú náà láìṣí agbárí. Ìwádìí kan lórí ènìyàn 2,143, tó jáde ní 2002, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 23.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi wáyà tọ́jú ló kú tàbí tí kò lè dá nǹkan ṣe, nígbà tí ti kílíìpù jẹ́ ìdá 30.6. Síbẹ̀, kílíìpù ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ṣì ń lò fún wíwú tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀.