Ọ̀kẹ́ Kan: Ìtàn 20,000 Nínú Ìṣirò Yorùbá

Tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Òṣogbo ní ọdún 1907 ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń fi owó ẹyọ ná ọjà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, tó kún àpò.

Ta ní lè ka irú òkìtì bẹ́ẹ̀ láìṣìnà? Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ìhìnrere tó gbé Ìjàyè, ṣàlàyé rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tó jáde ní 1887. Ẹni tó ń kà á á jókòó ti òkìtì náà, á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Ìdì mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Mann gbà pé inú owó kíkà yìí ni àṣà ká máa yọ kúrò lára iye ńlá, bí a ti ń ṣe ní àádọ́rùn-ún, ti jáde.

Ìgbésẹ̀ ìṣirò Yorùbá yìí ló wú mi lórí jù. Ká ní ogún nìkan la fi ń sọ iye di púpọ̀ ni, a ó ti 20 bọ́ sí 400, sí 8,000, sí 160,000. Ṣùgbọ́n ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: ìlọ́po mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ogún ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, ẹ̀wá ló ń sìn ín lọ.

Ọ̀kẹ́ rọrùn láti pín. Bí a bá kọ méjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí a kọ márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin, tí a wá fi gbogbo wọn ṣe ìlọ́po ara wọn (2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 5 × 5 × 5 × 5), ọ̀kẹ́ la ó bá. Nítorí èyí, ọgbọ̀n iye ló lè pín in láìṣẹ́kù. Ènìyàn méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún lè pín in dọ́gba. Àwọn mẹ́ta ni kò rọrùn fún: 6,666 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì á ṣẹ́kù. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni a sì lè gbà fi iye méjì, tí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kó ọ̀kẹ́ jọ: 100 àti 100, 20 àti 140, 68 àti 124.

Ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé ní 1904. Owó ẹyọ kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ kò kúrò lẹ́nu wa: àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, ₦70,000, jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta ààbọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò ní Òṣogbo àti Iléṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ̀kẹ́ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ọgbọ̀n iye tó pín in náà jáde.