Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Àwọn Fíìmù Yorùbá Àtijọ́ àti Àjọ̀dún Sinimá

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Olùkọ́ lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé Hubert Ògúndé ṣe fíìmù kan tí ń jẹ́ Aiyé ní ọdún 1979, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà dà á kọ láti ojú pátákó, kí ó sì yege nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì jókòó nínú òkùnkùn rí, kí iná kọ lu aṣọ funfun, kí ó sì gbọ́ ohùn Ògúndé fúnra rẹ̀ níbi tí ó ti ń dojú ìjà kọ àwọn àjẹ́, orúkọ lásán ni ó mọ̀, kò mọ iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àjọ̀dún sinimá káàkiri àgbáyé fi ń ya àkókò sọ́tọ̀ fún fíìmù àtijọ́.

Oríṣi méjì ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Èkíní ni èyí tí ọjọ́ orí kò bà jẹ́, tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó jẹ́ àwòkọ́ṣe. Èkejì ni èyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń wò ní àwòtúnwò títí wọ́n fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Ní ìlú New York, láti ọdún 1976, àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù kan tí ń jẹ́ The Rocky Horror Picture Show ní ọ̀gànjọ́ òru. Wọn a máa dá àwọn òṣèré lóhùn, wọn a sì máa múra bí wọn. Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè ka èyí sí ohun tuntun. Kì í ṣe tuntun fún Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti rí òǹwòran eré alárìnjó rí mọ̀ pé wọn kì í dákẹ́: wọn a máa gbe orin, wọn a máa kìlọ̀ fún ẹni tí ọ̀tá fẹ́ pa, wọn a sì máa bú ọ̀dàlẹ̀.

BÍ SINIMÁ ṢE DÉ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Nígbà tí ó di ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ṣíṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri, wọn a ta aṣọ funfun ní gbangba, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọlá Ọba Gẹ̀ẹ́sì han àwọn ará ìlú. Ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀. Ti ará ìlú ni kí ó máa wò.

Àwọn tí ó fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ fún òǹwòran Yorùbá ni àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó. Ògúndé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó ṣíwájú wọn láti àárín àwọn ọdún 1940. Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò dé. Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà lójú ọ̀nà wọn. Eré wọn sì lágbára. Nígbà tí Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà, tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà nínú rẹ̀. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, ni a tó tú òfin náà ká. Ìjọba kì í fòfin de ohun tí kò bà á lẹ́rù.

ỌDÚN 1976 ÀTI Ẹ̀YÌN RẸ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú ìlú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Àjàní Ògún jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọlá Balógun, tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, ni olùdarí rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, ni ó ṣe ọdẹ tí ń jà fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ náà kópa nínú rẹ̀. Ọdún 1978 ni Ládiípọ̀ kú, nítorí náà fíìmù yìí wà lára àwọn ibi tí ènìyàn ti lè rí i bí ó ti ń rìn tí ó sì ń sọ̀rọ̀.

Láìpẹ́, Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e, láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, Jáíyésinmi ní 1980, àti Àròpin N'Tènìyàn ní 1982. Bánkólé Bello darí Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1981 láti inú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ní 1982, Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tí ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, ṣe Ọ̀run Móoru.

Àwọn onífíìmù wọ̀nyí kò fi ẹ̀dà fíìmù wọn sílẹ̀ fún àwọn onílé sinimá. Púpọ̀ nínú ilé sinimá ńláńlá ìgbà náà wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà, fíìmù Íńdíà, Ṣáínà àti Amẹ́ríkà ni ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Alárìnjó tí ó yá owó kí ó tó ṣe fíìmù kò lè fọkàn tán ẹni tí yóò ka tíkẹ́ẹ̀tì níṣojú ẹlòmíràn. Nítorí náà ó ṣe bí ó ti ń ṣe fún eré orí ìtàgé: ó di fíìmù àti ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, ó háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, ó fi gbohùngbohùn pe èrò, ó sì dúró ti ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀ láti gba owó.

BÍ FÍÌMÙ ṢE Ń KÚ

Ọgbọ́n tí ó mú fíìmù dé ọ̀dọ̀ èrò náà ni ó gbó o. Fíìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35 máa ń gba inú ẹ̀rọ kọjá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Eré oníwákàtí kan ààbọ̀ yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8,100. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fi hàn ni eyín ẹ̀rọ ń fà á, tí eruku ń ha á; bí ó bá já, a ó gé ibi tí ó já, a ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí èrò rí ní ìlú tí a kọ́kọ́ gbé e dé lè pọ̀ ju ohun tí èrò ìlú tí ó gbẹ̀yìn rí lọ.

Ilẹ̀ òkèèrè ni a ti ń fọ fíìmù aláwọ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń san án. Ẹ̀dà kò lè pọ̀. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, iṣẹ́ náà kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, fídíò sì gba ipò rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà pàápàá, àwọn olè ti da Ọ̀run Móoru sínú téèpù fídíò, wọ́n sì ń tà á, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. Àwọn ẹ̀dà tí a sì kó sínú yàrá tí ó gbóná, tí ó sì ní ọ̀rinrin, ń jẹrà láti inú: fíìmù a máa rùn bí ọtí kíkan, yóò ká kò, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣá.

ÀJỌ̀DÚN TÍ Ń JÍ I DÌDE

Ilẹ̀ Áfíríkà ní àjọ̀dún sinimá tirẹ̀ láti ìgbà pípẹ́: ti Carthage ní Tùnísíà bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ti Ouagadougou sì bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ olùdarí fíìmù dá àjọ̀dún olómìnira S16 sílẹ̀ ní 2021. Irú àjọ̀dún báyìí ni ó lè fún fíìmù àtijọ́ láyè, nítorí kì í ṣe èrè ọjà nìkan ni a fi ń díwọ̀n ohun tí yóò hàn níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ méjì tó. Djibril Diop Mambéty, ọmọ Senegal, ṣe Touki Bouki ní 1973. A tún un ṣe, a sì fi hàn ní Cannes ní 2008, lónìí kò sí ẹni tí ń kọ́ nípa sinimá Áfíríkà tí kò mọ̀ ọ́n. Nílé wa níhìn-ín, Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar ní èdè Hausa ní 1976, ọdún tí Àjàní Ògún jáde, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Àwọn ènìyàn ti rò pé ó ti sọnù pátápátá kí a tó rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos. A tún un ṣe, a sì fi hàn ní àjọ̀dún Berlin ní 2018.

Àtúnṣe náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eré oníwákàtí kan ààbọ̀ ní 129,600. A ó nù wọ́n, a ó sì yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe é tán, a lè máa fi fíìmù hàn láìgbó ògbólógbòó ẹ̀dà náà mọ́.

OHUN TÍ Ó KAN OLÙKỌ́

Àwọn kan ń wí pé kí ni èrè wíwo fíìmù tí àjẹ́ àti babaláwo kún inú rẹ̀, tí ìrìn rẹ̀ sì lọ́ra. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé tì sẹ́yìn. Àwọn fíìmù wọ̀nyí ní àbùkù, èrò wọn nípa obìnrin sì yẹ fún àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò rí, a kò lè jiyàn lé e lórí.

Fún ẹni tí ń kọ́ èdè, wọ́n ju eré lọ. Ìwé lè tẹ ọfọ̀ jáde, kò lè tẹ bí èémí ti ń gùn sí nínú rẹ̀. Ìwé lè kọ orúkọ ìlù, kò lè sọ bí ìlù ti ń dá oníjó lóhùn. Ògúndé kú ní 1990, Adé Love ní 1996, Fálétí ní 2017, Ìṣọ̀lá àti Bàbá Sàlá ní 2018. Kò sí èyí tí a tún lè pè wá sí kíláàsì láti ṣàlàyé. Ẹlẹ́rìí tí ó kù ni fíìmù, ẹlẹ́rìí náà sì ń jẹrà.

Láti 1964 ni a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, Àkúrẹ́ náà kò sì ṣàìní akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn gbọ̀ngàn irú èyí tí alárìnjó ń háyà nígbà náà ṣì wà. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ya ọjọ́ mẹ́ta péré sọ́tọ̀ lọ́dún, kí a fi fíìmù àtijọ́ kan hàn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ èdè, olùkọ́ ìtàn àti àgbàlagbà tí ó wò ó nígbà tí ó jáde sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí, àjọ̀dún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níbi tí èrò bá sì ti ń béèrè fíìmù ni a ti ń rí ẹni tí yóò wá a jáde kúrò nínú àjà, tí yóò sì náwó sí àtúnṣe rẹ̀. Ohun tí a bá ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi.